Oògùn Ojoojúmọ́ àti Ọkọ Tó Wà ní Wàrì

Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀, níbi tí Kúnbi ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 1974, ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé inú etí ẹni ni wọ́n ti ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ Kúnbi ni pé kó máa na aṣọ tí ẹ̀rọ bá hun tán sórí tábìlì gígùn kan, kó máa wá ibi tí òwú ti já, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́tíríìkì tuntun kan gun àkàbà lókè orí wọn, ó ń tún wáyà ṣe. Kúnbi tẹ ẹnu mọ́ etí Àǹtí Ìsíátù, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà, ó sì pariwo pé:

"Ẹlẹ́tíríìkì yìí rẹwà o, Àǹtí, àmọ́ ó jọ pé kò mọ iṣẹ́!"

Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà, iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, "kò mọ iṣẹ́" sì dún káàkiri ilé gbọ̀ngàn náà bíi pé wọ́n fi gbohùngbohùn sọ ọ́.

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kúnbi fi aṣọ bojú. Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀ láti orí àkàbà, ó ní, "Mo gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, àǹtí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Rùfáì ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnu géètì ni Kúnbi máa ń bá a. Wọn a jọ fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, wọn a kọjá ojú irin, títí wọn ó fi dé Ṣógúnlé níbi tí Kúnbi ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà náà, owó epo ti dé Èkó. Katakata ń wú ilẹ̀ káàkiri, ọ̀dà ń hó lẹ́bàá títì, ilé tuntun ń yọ níbi tó jẹ́ igbó lánàá. Àwọn méjèèjì kò rí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, kò jìn tó.

Síbẹ̀, bí Kúnbi bá wọlé tán, tó bọ́ bàtà, ẹ̀rù a máa bà á. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wá tọrọ rẹ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì lé wọn. Kì í ṣe pé wọn kò wù ú. Ohun kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọkùnrin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó sórí pákó kan nítòsí ojú irin. Rùfáì ní, "Kúnbi, mo fẹ́ kí ìyá mi rí ẹ."

Kúnbi jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin kan kọjá tán kó tó dáhùn.

"Kí ìyá ẹ tó rí mi, ọ̀rọ̀ kan wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọmọ kẹjọ ni. Jùmọ̀kẹ́ tó máa ń pè mí ní màámi, òun ni ọmọ náà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tí oyún mìíràn fi dé. Dókítà ti sọ fún ìyá mi pé kó sinmi. Kò sí ẹni tó sọ fún un bí wọ́n ṣe ń sinmi."

Rùfáì fẹ́ sọ̀rọ̀, Kúnbi gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Mo fẹ́ ọmọ. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, kí Jùmọ̀kẹ́ sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Tí o bá lè fún mi ní ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, màá fẹ́ ẹ. Tí o kò bá lè fún mi, má jẹ́ ká dé iwájú ìyá ẹ rárá."

"Ọdún méjì? Kódà kó jẹ́ mẹ́ta."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi ni. Èmi ni màá sọ fún un."

Kúnbi gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, Rùfáì di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò sì bìkítà ta ló ń wò wọ́n.

Àmọ́ ọ̀nà kò là kíákíá. Àǹtí Ìsíátù ló ṣe alárinà, nítorí ọmọ Ìsẹ́yìn kan náà ni òun àti Ìyá Rùfáì. Abọ́ tánganran ni Ìyá Rùfáì ń tà ní Ìsọlọ̀. Ọmọ mẹ́fà ló bí, ó sin márùn-ún, Rùfáì nìkan ló ṣẹ́ kù. Nígbà tó gbọ́ pé Kúnbi ni Rùfáì fẹ́ fi ṣe aya, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìsíátù, wọ́n ní ọmọ náà níwà. Mi ò jiyàn. Ti pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyẹn náà kò dùn mí. Àmọ́ ìyá tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé a mọ̀ bóyá ó wà nínú ìdílé wọn? Ẹyọ ọmọ kan ni mo ní. Mo fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé yìí kí n tó kú."

Ní Ṣógúnlé, bàbá Kúnbi náà kò gbà. Ọ̀gbẹ́ni Albert, ọmọ Ìláròó, ti ṣe akọ̀wé rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó na ìka sí Jùmọ̀kẹ́ tó ń ka ìwé lábẹ́ fèrèsé. "Bí Kúnbi bá lọ, ta ni màá ní kó di ìyá fún èyí?"

Oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí Ìsíátù fi lọ tó sì bọ̀. "Bàtà méjì ni mo ti wọ̀ já láàárín Ìsọlọ̀ àti Ṣógúnlé," ló sọ fún Kúnbi nídìí iṣẹ́. "Ẹ̀yin ẹ kàn máa fẹ́ràn ara yín lọ."

Níkẹyìn, Jùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní òun lè se ìrẹsì, òun sì lè fọ aṣọ, kí wọ́n jẹ́ kí màámi òun lọ. Bàbá náà yíjú sẹ́yìn, ó fi etí aṣọ nu ojú. Àǹtí Ìsíátù bá Ìyá Rùfáì sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan, òun náà sì gbà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lóṣù kejì ọdún 1975, ní àsìkò tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde, ń dún lẹ́nu gbogbo òṣìṣẹ́. Kúnbi kó lọ sí Ìsọlọ̀, sí ilé tí Rùfáì ń bá ìyá rẹ̀ gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tọkọtaya náà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní gbogbo Ọjọ́rú. Àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Rùfáì nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Nọ́ọ̀sì Tinúadé, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ní kí oníkálukú béèrè ohun tó bá ń dà á láàmú.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ nawọ́. "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ẹni tó bá lo oògùn yín kò ní í bímọ mọ́ láéláé."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Lóṣooṣù, ara obìnrin máa ń tú ẹyin kan sílẹ̀. Ìgbà tí ẹyin yẹn bá pàdé nǹkan ọkùnrin ló tó ń di oyún. Hóró oògùn yìí ń dá ẹyin náà dúró kó má jáde. Kò ba ilé ọmọ jẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ara á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn á tètè lóyún, ẹlòmíràn á dúró díẹ̀."

"Lúùpù ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń rìn lọ sínú ọkàn."

"Ọ̀nà wo ni yóò gbà débẹ̀? Inú ilé ọmọ ni wọ́n ń fi í sí. Okùn tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tí ẹ ó máa fi ìka yẹ̀ wò, torí ó lè já bọ́ nígbà mìíràn. Tí ẹ kò bá rí okùn náà, ẹ tètè padà wá."

Ìyá kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ní, "Òrùka àti ìgbàdí tí àwọn ìyá wa ń lò ńkọ́?"

"Màámi, àwọn ìyá wa máa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún mẹ́ta, wọn kì í sì sún mọ́ ọkọ. Ẹ jẹ́ ká yin àìsúnmọ́kọ, ká fi ìgbàdí sílẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìgbà náà ni Rùfáì nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọjọ́ tí ọkọ bá wà nílé nìkan ni wọ́n ń lò ó?"

Àwọn obìnrin tún bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ọkọ wà nílé, ọkọ wà lájò, kò kàn án. Àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kó lò ó ní kété tó bá ti rántí. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ọkọ bá dé kó tó lò ó, ara rẹ̀ ló ń tàn."

Ní ilé ìwòsàn náà, ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fún obìnrin ní oògùn. Rùfáì fọwọ́ sí i láìjanpata. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, inú Kúnbi dùn débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé, Rùfáì dúró.

"Má tíì jẹ́ kí Ìyá mọ̀. Jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọwọ́ ara yín. Màá wá àkókò tó dára."

Àkókò tó dára kò dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Ìyá Rùfáì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn Kúnbi bó bá ń gbé omi kọjá. Lóṣù kẹsàn-án, àgbo dé láti Ìsẹ́yìn.

"Mu ún, ìyàwó. Ó ń fọ ilé ọmọ. Ó korò díẹ̀, àmọ́ ohun tí a ó jẹ tí yóò dùn, a kì í wo ti kíkorò."

Kúnbi a kúnlẹ̀, a fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, a sì mu ún tán. Láàárọ̀, ó ń mu àgbo tí yóò jẹ́ kó lóyún. Nírọ̀lẹ́, ó ń lo hóró tí kò ní í jẹ́ kó lóyún. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Àǹtí Ìsíátù jẹ́ ẹni Ìyá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́.

"Rùfáì, ó ti ń gbààwẹ̀ báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ń gbààwẹ̀ nítorí oyún tí èmi àti ìwọ mọ̀ pé kò ní í wá."

"Màá sọ fún un."

"Ìgbà wo?"

"Ọmọ márùn-ún ló sin, Kúnbi. Ṣé o fẹ́ kí n wá sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ọmọ má tíì wá? Ṣé o mọ bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí?"

 Kúnbi mọ bí ojú Ìyá ṣe ń rí ní gbogbo ìgbà tí oṣù òun bá dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976, iṣẹ́ jáde ní Wàrì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo. Wọ́n ń wá ẹlẹ́tíríìkì, Rùfáì sì lọ. Oṣù mẹ́fà ló ní òun ó lò, ó wá di ọdún kan. Ó máa ń yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀, á lo ọjọ́ méjì, á tún lọ. Lẹ́tà rẹ̀ gùn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìlà mẹ́ta: ara òun le, iṣẹ́ pọ̀, kó bá òun kí Ìyá.

Ó wá ku Kúnbi àti Ìyá nínú ilé. Wọ́n jọ ń jẹun, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá palẹ̀ mọ́ tán, Ìyá a wọ yàrá rẹ̀ lọ ka tẹ̀súbáà, Kúnbi a wọ tirẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Kúnbi a máa gbọ́ tí Ìyá ń dárúkọ Rùfáì, tí ń dárúkọ òun náà, tí ń bẹ Ọlọ́run. Nígbà mìíràn, ọkàn rẹ̀ a sọ pé kó dìde, kó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tún máa ń rántí pé Rùfáì ní òun ni òun ó sọ ọ́. Obìnrin kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Oṣù kìíní ọdún 1977 ni ó ṣẹlẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdún méjì tí Kúnbi tọrọ ku oṣù kan péré, ó sì ti pinnu pé páálí tó wà lọ́wọ́ òun ni òun ó lò kẹ́yìn. Rùfáì kọ̀wé pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Inú Ìyá dùn, ó wọ yàrá wọn láti bá wọn gbá a, ó sì gbé ìbùsùn kó lè sá a sóòrùn. Ibẹ̀ ló ti rí páálí oògùn náà. Kò mọ ìwé kà, nítorí náà, ó gbé e lọ bá oníkẹ́míìsì.

Nígbà tí Kúnbi dé láti ibi iṣẹ́, ó bá Ìyá tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, páálí náà wà lórí itan rẹ̀.

"Kúnbi, kí nìyí?"

"Ìyá..."

"Oníkẹ́míìsì ti sọ fún mi. Ṣé o ti ń mu àgbo mi mọ́ eléyìí láti ọjọ́ yìí?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ọkọ ẹ wà ní Wàrì. Oṣù kẹta rèé tí a ti rí i gbẹ̀yìn. Ta lò ń lò ó fún?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, Ìyá. Ọkọ wà nílé, ọkọ kò sí nílé..."

"Ọkọ kò sí nílé, ìyàwó sì ń lo oògùn oyún lójoojúmọ́."

Bí Ìyá ṣe tún ọ̀rọ̀ náà sọ, Kúnbi gbọ́ bó ṣe rí létí ẹni tí kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn rí. 

"Rùfáì mọ̀ sí i, Ìyá. Àwa méjèèjì la jọ lọ."

Ìyá gbé páálí náà, ó dìde. "Ó ń bọ̀ ní Sátidé. A ó bi í."

Ní Sátidé náà, ẹ̀gbọ́n Ìyá tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mùktárù jókòó sí pálọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Albert wá láti Ṣógúnlé, Àǹtí Ìsíátù náà wà níbẹ̀. Rùfáì wọlé tòun ti báàgì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Jókòó," ni Bàbá Mùktárù wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní. Wọ́n bá oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún lábẹ́ ìbùsùn ìyàwó rẹ. Ìyàwó rẹ ní o mọ̀ sí i. Ṣé o mọ̀ sí i?"

Rùfáì wo ìyá rẹ̀. Ìyá jókòó bí ẹni tó ń retí òkú. Ó wo Kúnbi. Kúnbi kò ṣẹ́jú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò tó dára nìyí, ó ti dé wàyí, kò sí òmíràn mọ́.

Rùfáì bojú wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀ sí i, Bàbá."

 Àǹtí Ìsíátù nìkan ló pe orúkọ Ọlọ́run. Ọ̀gbẹ́ni Albert fi ohùn kékeré bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kúnbi, ṣé kò sí ẹlẹ́rìí ni?"

"Ẹlẹ́rìí wà, Bàbá mi," ni Kúnbi dáhùn. "Òun ló jókòó yẹn."

Ó wọ yàrá, ó di ẹrù rẹ̀. Rùfáì kò tẹ̀ lé e wọlé.

Ní Ṣógúnlé, ó padà sórí ẹní tó ti ń sùn nígbà tó wà lọ́mọge. Àwọn ará ilé kí i káàbọ̀, wọn kò bi í léèrè, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́. Níbi iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ tí kò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń sá lọ bá, nítorí kò sí ẹni tó lè bi í ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, òun nìkan ló ń dá rìn dé Òṣòdì. Nígbà mìíràn, á bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bíi pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àǹtí Ìsíátù a máa mú iṣẹ́ wá. "Rùfáì ní kí n kí ẹ. Ó ní kò lè sùn."

"Ṣé ó ti sọ fún ìyá ẹ̀?"

"Kò tíì sọ."

"Ẹ bá mi kí i, Àǹtí."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ọdún Iléyá, tí wọ́n tún sọ ọ́ ní Kérésìmesì, tí wọ́n sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí ọkàn Kúnbi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kì í báni jẹun. Ó ń bínú sí Rùfáì, síbẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ga bá gba iwájú ilé kọjá, á dìde. Ìyẹn ni kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan tí iléeṣẹ́ fún wọn ní ìsinmi, ó lọ sí ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì Tinúadé rántí rẹ̀.

"Ìyàwó ẹlẹ́tíríìkì! Ó ti pẹ́ o. Ẹ ti dáwọ́ dúró, ẹ fẹ́ bímọ nìyẹn?"

"Mo ti dáwọ́ dúró, mà. Mi ò ní ọkọ mọ́ ni."

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ìwé tó fọwọ́ sí ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá fẹ́, màá bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn."

Kúnbi mi orí. "Ohun tí ọkọ mi kò lè sọ, mi ò fẹ́ kí ìwé bá a sọ ọ́."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ìbéèrè àwọn obìnrin tuntun. Ìbéèrè kan náà ni. Kò sí ọkùnrin kankan láàárín wọn.

Ọdún 1979 ni Ìyá Rùfáì wá. Ọjọ́ Àìkú ni, Kúnbi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá dá nìkan wá, ó sì ti gbó sí i. Kí Kúnbi tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀, Kúnbi sì sáré dì í mú.

"Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi gégùn-ún fún mi."

"Jẹ́ kí n jókòó nígbà náà." Ó mí kanlẹ̀. "Mo wá ìyàwó mìíràn fún Rùfáì. Mo fi fọ́tò ọmọ náà hàn án. Mo ní, 'Wò ó, eléyìí kò ní í lo oògùn lẹ́yìn rẹ.' Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ọkùnrin bàǹtàbanta. Ó ní, 'Ìyá, kì í ṣe lẹ́yìn mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.' Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́."

 Ọdún méjì gbáko ni Kúnbi ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì rò pé bó bá dé, òun ó fò sókè. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

"Mo pè ọ́ ní aṣẹ́wó nínú ọkàn mi," ni Ìyá wí. "Mo tún wò ọ́ bí àgàn. Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, mi ò lè jẹun. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí láàárín ọdún mẹ́jọ, Kúnbi. Kí n tó já ọ̀kan lẹ́nu ọmú, òmíràn ti dé. Omi ọmú mi ti gbẹ nígbà tí mo bí ẹ̀kẹrin. Wọ́n ní àbíkú ni wọ́n." Ó nu ojú rẹ̀. "Oògùn yẹn. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ."

Kúnbi jókòó tì í. Ó ṣàlàyé nípa ẹyin tó ń jáde lóṣooṣù. Ó ṣàlàyé bí hóró náà ṣe ń dá a dúró, ìdí tó fi jẹ́ ojoojúmọ́, àti bí ara ṣe ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ń mi orí, ó ń tẹ́tí bí ọmọ ilé ìwé.

"Ṣé ó ti wà nígbà tèmi?"

"Kò tíì wà, Ìyá."

"Kò tíì wà," ni Ìyá tún wí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún, lọ́kọ̀ọ̀kan, Kúnbi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dárúkọ wọn tán.

Rùfáì fúnra rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó mú Bàbá Mùktárù àti Àǹtí Ìsíátù wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Albert, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Bàbá Kúnbi wo ọmọ rẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà jáde síta díẹ̀.

"Kúnbi, mo purọ́ mọ́ ẹ," ni Rùfáì wí. "Ojú Ìyá ni mo wò lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀. Ìwọ ń wo ojú ìyá ẹ, èmi ń wo ojú tìẹ."

"Padà sílé. Màá dúró de ọdún méjì mìíràn. Màá dúró de mẹ́wàá."

Ó ti fọn díẹ̀, irun funfun kan ti yọ létí rẹ̀. Kúnbi fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un láti sọ.

"Mi ò bínú mọ́, Rùfáì. Tí mo bá sì ní mi ò fẹ́ràn ẹ mọ́, irọ́ ni. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ká ní mo lóyún. Ká ní mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà, dókítà sì jáde wá bi ẹ́ pé ta ni kí òun gbà là, ìyá ni àbí ọmọ. Ìyá ẹ á dúró tì ẹ́ níbẹ̀. Ojú ta lo máa wò?"

Rùfáì la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kò yọ. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó sì wí pé "Tìẹ ni," Kúnbi ti ń sunkún, ó ti ń mi orí.

"O rí i? Mi ò lè gbé orí ìkúnlẹ̀ dúró dè ọ́."

Ó sìn ín dé títì. Wọn kò di ọwọ́ ara wọn mú. Rùfáì padà sí Wàrì.

Àmọ́ Ìyá kò dáwọ́ wíwá dúró. Ní gbogbo oṣù ó máa ń wá sí Ṣógúnlé, á bá Kúnbi jókòó, wọn á jọ jẹun, nígbà mìíràn wọn á sì sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n jọ ń gbé. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà mọ́.

Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ó wá, ó jókòó, kò sì tètè fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Kúnbi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni wàá ti gbọ́. Rùfáì ti fẹ́ ìyàwó ní Wàrì."

"Ẹ kú oríire, Ìyá."

"Mo lọ kí wọn. Bí mo ṣe jókòó báyìí, kí n tó mu omi, ó pe ìyàwó ẹ̀ síwájú mi. Ó ní, 'Ìyá, àwa méjèèjì ti jọ sọ ọ́. A kò tíì fẹ́ bímọ. Ìgbà tí ó bá wù wá la máa bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ikùn ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.'" Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Kò gbọ̀n, Kúnbi. Ó wo ojú mi, ó sọ ọ́."

"Ó ṣe dáadáa," ni Kúnbi wí.

Ó bu omi fún Ìyá, wọ́n jẹun, ó sì sìn ín lọ wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì. Nígbà tó padà délé, Jùmọ̀kẹ́ ti jáde, bàbá rẹ̀ ń sùn lórí àga. Ó kó àwo jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n, ẹkún sì bò ó mọ́lẹ̀ lójijì débi tí ó fi ní láti di etí bàsíà mú. Kì í ṣe pé ó jowú obìnrin náà. Òun ló fi ọdún márùn-ún kọ́ ọkùnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, ó sì ti mọ̀ ọ́n sọ wàyí, ketekete, ní ilé tí òun kò sí.